Ọkùnrin Ẹ̀gbẹ́ Òpó ní Siena

Ọkọ mi kò fẹ́ràn ilé tí a rà ní Mahogany, àdúgbò kan ní Calgary. Ayàwòrán ilé ni. Á dúró lójú títì, á fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní gbogbo ilé àdúgbò wa jọra bí ẹyin inú kíréètì. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní Siena, nílẹ̀ Ítálì, ló wà lọ́kàn rẹ̀. Ó ti ra ìwé nípa rẹ̀ kí PR wa, ìwé ìgbélùú Kánádà, tó jáde. Ikú kò jẹ́ kó débẹ̀. Inú snow la ti sin ín, àgbà kan nínú ìjọ wa sì ń wí fún un pé ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá. Ohun tí à ń wí fún gbogbo òkú ni, n kò kà á sí.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lọ bá a wo Siena. Òkúta mábù dúdú àti funfun ni wọ́n fi to òpó ṣọ́ọ̀ṣì náà léra, ìlà lórí ìlà. Àjà rẹ̀ búlúù, ìràwọ̀ wúrà sì kún un. Wọ́n fi òkúta ya àwòrán sí ilẹ̀ pàápàá, ẹ̀rù ń bà mí láti tẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe gbójú sókè báyìí, ọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, ó kẹ́yìn sí mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. N kò mọ ìgbà tí mo kígbe:

“Olówó orí mi!”

Kò wẹ̀yìn. Ó gba ẹ̀yìn òpó kọjá. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, kò sí ẹnì kankan.

Mo pe màmá mi nílé, wọ́n sì pariwo mọ́ mi lórí fóònù. “Ta ló ní kó o pè é? Àkúdàáyà ni! Òkú tó bá lọ tẹ̀dó sílùú mìíràn, ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í pè é. O ti lé ọkọ rẹ lọ nìyẹn!”

Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ òkú. Síbẹ̀ inú bí mi sí ẹnu ara mi. Inú bí mi sí òun náà: bó bá ń rìn kiri, ṣé kò mọ ọ̀nà Calgary ni?

Lọ́dún yìí mo padà lọ. Mo sọ fún ọmọbìnrin wa, tó wà ní yunifásítì, pé àwòrán ni mo fẹ́ tún lọ wò. Irọ́ ni. Ojú bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, ẹ̀ẹ̀kan péré, n kò sì ní pè é. Ọmọ náà ní òun á bá mi lọ. Lójú títì Deerfoot, bí a ṣe ń lọ sí airport, mo sọ fún un pé mo rí ọkùnrin kan tó jọ bàbá rẹ̀.

“Mummy, that's grief,” ló wí. “There are lots of black men in Italy.”

N kò sọ ọ̀rọ̀ màmá mi fún un. N kò fẹ́ kó fi ìyá mi rẹ́rìn-ín.

Àràárọ̀ la fi ń jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì náà, òun a máa tẹ fóònù, èmi a máa wo òpó. Ní àárọ̀ tí a fẹ́ kúrò, ọkùnrin náà dé. Ó dúró síbi tó dúró sí lọ́jọ́sí. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu mi. Ó ń yíjú bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí etí rẹ̀, mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fóònù ọmọ mi já lulẹ̀.

“Daddy!”

Ó ti dìde kí n tó dì í mú. Ọkùnrin náà gba ẹ̀yìn òpó kọjá. Ọmọ mi sáré tẹ̀ lé e, ó yí gbogbo òpó ká, ó ń sunkún, èmi kò sì kúrò lórí ìjókòó. Ẹnu ara mi nìkan ni mo rántí dí.

A ti padà sí Calgary báyìí. Ó ti ń wo iye tíkẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀.

“Maybe he didn't hear me, Mummy,” ló ń wí. “Next time I'll shout louder.”

Mo ní ó dáa, ọmọ mi.