Gìtá Tí Wọ́n Ní Ọlọ́run Pa Lẹ́nu Mọ́

Èmi ni mo yọ wáyà yẹn. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ ná kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Bí mo bá kọ́kọ́ ròyìn bí ooru ṣe mú lọ́jọ́ náà, bí èrò ṣe pọ̀ tó, bí àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣe ń fi mí rẹ́rìn-ín lójú fèrèsé, ẹni tó ń kà á lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú mi. Kò sí àánú níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi yọ ọ́.

Iṣẹ́ mi ni títún sípíkà àti rédíò ṣe ní Moniya. Ìwé mi ò pọ̀, ọdún kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti yà sídìí iṣẹ́ ọwọ́. Abúlé wa wà lọ́nà Akínyẹlé, ọ̀kadà lèèyàn fi ń débẹ̀ láti Moniya. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ìyẹn Áńgílíkà, èmi ni wọ́n fi sídìí ẹ̀rọ. Gbogbo wáyà tó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbà kọjá. Bí alùfáà bá fẹ́ wàásù, wọ́n á kọ́kọ́ wojú mi. Mo máa ń ṣe fáàrí díẹ̀ nídìí rẹ̀, mi ò ní parọ́.

Tíṣà ni Àǹtí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí. Ìjọba ló gbé wọn wá sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé wa láti ìgboro Ìbàdàn, Ọlọ́runṣògo ni ilé bàbá wọn wà. Wọ́n á fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ ni wọ́n, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá kí ọ, wàá ní kí wọ́n tún un sọ. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé gìtá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí n bá àwọn dán an wò, mo ti ń retí orin jẹ́jẹ́. Wọ́n mú àpótí irin pẹlẹbẹ kan jáde nínú báàgì, wọ́n gbé e sílẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, wọ́n wá fi ìka kan okùn gìtá.

Ó bú ramúramù. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lódìkejì títì ju ṣíbí sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi mẹkáníìkì, tí ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀ fara ti tèmi, yọ orí wọlé.

"Ta ló ń lọ ata níbí?"

"Orin rọ́ọ̀kì ni," Àǹtí dá a lóhùn. "Ti onígbàgbọ́."

"Àǹtí, ẹ má bínú, mùsùlùmí ni mí, mi ò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ yín. Ṣùgbọ́n ṣé Jésù mọ̀ sí i?"

"Ó mọ̀ sí i. Ìwọ tí ò ń lu irin láti àárọ̀ ńkọ́, ṣé ilé kéwú ni wọ́n ti kọ́ ọ?"

Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà.

Àǹtí fi orin náà sórí fóònù mi, oríṣiríṣi. Ìgbà yẹn ni mo wá rí i pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ irú orin yìí. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì ní orin èṣù ni, pé wọ́n kàn fi orúkọ Jésù kùn ún lára ni. Àwọn ojúgbà mi, tó jẹ́ pé orin ìgboro ni wọ́n ń gbọ́, ní tiwọn, wọ́n ní kò tiẹ̀ le tó. Ọ̀kan nínú wọn ní ó dà bí ọmọ pásítọ̀ tó wọ ṣòkòtò jíǹsì tó ya lórúnkún, tí ìyá rẹ̀ sì ti bá a fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, kò ṣeé jó. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá gbọ́ orin tí kò sì mọ ibi tí yóò fi ìbàdí sí, ó ti tán nìyẹn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, ohun tí ọ̀gá mi ń kọ́ mi ni bí mo ṣe máa lé ariwo hàìhàì kúrò nínú sípíkà. Ẹnì kan wá jókòó síwájú mi, ó ń fi ariwo náà gan-an yin Ọlọ́run. Inú mi dùn sí i bí ẹni pé wọ́n yin iṣẹ́ mi.

Nígbà tí ìkórè ń bọ̀, àwa ọ̀dọ́ ní kí Àǹtí ta gìtá fún wa. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á pe ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ náà á gbé ọrẹ rẹ̀, wọ́n á jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ. Bí ẹgbẹ́ kan bá ṣe jó ni wọn á máa sọ títí ọdún á fi yípo. Àǹtí ní àwọn á rọra ta á, àwọn ò ní fẹsẹ̀ kan àpótí irin tó ń mú un bú yẹn rárá. Èmi ni mo ní rárá.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ kó bú. Èmi ni mo wà nídìí ẹ̀rọ. Kò sẹ́ni tó máa pa yín lẹ́nu mọ́."

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn gẹ́lẹ́. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó dá ọ lójú?" Mo ní ó dá mi lójú.

Ọjọ́ ìkórè pé, ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ìta. Àwọn mùsùlùmí àdúgbò náà wá bá wa ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ọ̀rẹ́ mi mẹkáníìkì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dúró lójú fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n pe ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Wọ́n gbé iṣu, wọ́n gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọmọbìnrin kan gbé àkùkọ. Àǹtí tẹ àpótí irin.

Ilé mì. Àkùkọ já mọ́ ọmọbìnrin náà lọ́wọ́, ó fò gba orí àwọn akọrin kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ gbìyànjú láti jó. Ọ̀kan ń fò sókè sódò, ọ̀kan ń yan bíi sójà, ẹni tó ru iṣu dúró sójú kan ó ń yí po. Àwọn ìyá àgbà fi ọwọ́ bo etí. Ìyá mi yíjú padà láti orí ìjókòó wọn, wọ́n wò mí bí ìgbà tí wọ́n bá bá ọwọ́ mi nínú ìkòkò ẹran.

Láti ojú fèrèsé, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá onísípíkà! Ọlọ ata yín ti dé o!"

"Ẹ gbé e wá sóko mi, ẹyẹ ò jẹ́ kí n rí àgbàdo kó!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Orin náà ò burú. Orí mi ń mì sí i bí wọ́n ṣe ń pariwo yẹn. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé wọ́n á ka èmi náà mọ́ ọn. Mo na ọwọ́ sísàlẹ̀, mo yọ wáyà gìtá.

Ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó mí, Bàbá Ìjọ dìde. Àgbẹ̀ ni Bàbá, gbogbo wa ń pè wọ́n ní Bàbá Ìjọ nítorí oyè tí ṣọ́ọ̀ṣì fi wọ́n jẹ. Wọ́n na ọ̀pá wọn sókè.

"Ọlọ́run ti dá sí i! Ẹ wò ó! Ó ti pa á lẹ́nu mọ́!"

Àwọn èèyàn bú sí Halelúyà. Ẹnì kan gbé orin tí gbogbo wa mọ̀, ìlù wọlé, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ rí ẹsẹ̀ wọn, wọ́n jó dé pẹpẹ. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo gìtá, wọ́n ń wo àpótí irin, wọ́n ń fọwọ́ kan gbogbo ibi tí nǹkan kan ò ṣe. Nígbà tí orin parí, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin àgbà. Ẹ̀rọ mi ló dàrú."

Mo ti fi wáyà padà nígbà yẹn. Mo ń wo àjà.

Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, Bàbá Ìjọ fi ọ̀rọ̀ náà jẹ́rìí, ẹ̀rí náà sì jáde ní abúlé wa, ó ń rìn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lódìkejì odò, wọ́n ní èéfín jáde lára gìtá náà. Ní Akínyẹlé, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló já lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́jọ́ kan, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Moniya, obìnrin tó jókòó tì mí ń sọ ọ́ fún gbogbo ọkọ̀.

"Iná sọ lára ẹ̀! Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ, ó dákú. Ọjọ́ kẹta ló tó lajú."

Ìdajì búrẹ́dì wà lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n? Ṣé ara ẹ̀ ti yá?"

"Wọ́n ní kò ṣeé wò mọ́," ó wí, ó sì ní kí n bun òun nínú búrẹ́dì.

Mo sọ ìyẹn fún ọ̀rẹ́ mi mẹkáníìkì kí a lè jọ rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ó wá nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà.

"Mo wà lójú fèrèsé, mo rí ọwọ́ ẹ. Nígbà tí Bàbá yín ní Ọlọ́run ni, mo ní áà, Ọlọ́run wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé lónìí. Wàláhì, àwa tá a ń pariwo, eré là ń ṣe. Ìwọ lo yọ ọ́."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Àǹtí gbé gìtá wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé wọ́n fẹ́ kí n tún un ṣe. Wọ́n ní rárá, ọmọ àbúrò bàbá àwọn kan ní Ìbàdàn ni àwọn fẹ́ fún, kí n kàn bá àwọn nu ìdọ̀tí ara rẹ̀.

"Kí ló dé, Àǹtí?"

"Mo ti gbàdúrà sí i," wọ́n wí, pẹ̀lú ohùn wọn tó rọlẹ̀ yẹn. "Bí Ọlọ́run bá ní òun ò fẹ́ ẹ lọ́wọ́ mi, ta ni mo fẹ́ bá jà?"

Mo lè fara da ẹ̀rí, mo lè fara da èéfín àti iná. Ti èyí, mi ò lè fara dà á. Mo sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn sípíkà tí mo ti tú, mo sọ ọ́ látòkèdélẹ̀, títí kan ẹ̀rín ojú fèrèsé.

Àǹtí kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ìyá ẹlẹ́wà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹjú mọ́ mi.

"Ṣé o mọ̀ pé mo gbààwẹ̀? Ọjọ́ méje. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ohun tí mi ò ṣe jì mí."

Wọ́n ní kí n dìde, kí n bá àwọn fi wáyà sí i. Wọ́n ta á níbẹ̀, ó bú, ọ̀rẹ́ mi láti ẹ̀gbẹ́ kejì kígbe pé, "Ata kúnná!" Gìtá ò lọ sí Ìbàdàn mọ́.

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ìjọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Wọ́n ń yín àgbàdo. Mo jẹ́wọ́. Bàbá gbọ́ ọ parí, wọn ò dá ọwọ́ dúró.

"Ìwọ lo yọ ọ́?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ta ló fi í sí ọ lọ́kàn?"

"Kò sẹ́nì kankan, Bàbá. Ojú ló tì mí."

"Ìtìjú náà, ta ló dá a?" Ojú wọn tàn. "Ọmọ mi, ìwọ ni Ọlọ́run lò! Mo ti ń wá ẹlẹ́rìí kún ẹ̀rí yẹn."

Wọ́n bu àgbàdo fún mi, ó kún ike kan. Bí mo ṣe rù ú lọ sílé, ẹ̀rín ń pa mí, inú sì ń bí mi sí ara mi.

Nígbà tí mo ròyìn fún Àǹtí, àwọn náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní Bàbá ò ní yí padà, pé kì í ṣe Bàbá ló pa àwọn lẹ́nu mọ́ láàárín ìjọ. Wọ́n ní àsìkò ẹ̀rí wà fún gbogbo èèyàn, èmi náà sì lẹ́nu. Ìgbà tí mo bá sọ ọ́ níbẹ̀, àwọn á gbé gìtá padà wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò sọ ọ́ mọ́ láti ìgbà náà. Ní ọ̀sán Friday, wọ́n máa ń ta á fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn ọmọ ò béèrè ibi tí wọn ó fi ìbàdí sí, fífò ni wọ́n ń fò. Èmi ni mo ń bá wọn gbé sípíkà lọ, ọjọ́ tí mo sì fẹ́ràn jù láàárín ọ̀sẹ̀ nìyẹn.

Ní Sunday, Àǹtí á wá, wọn á jókòó sí ìlà kẹta pẹ̀lú ìwé orin wọn nìkan. Alùfáà á béèrè ẹni tó ní ẹ̀rí. Àwọn kan á dìde, ọmọ yege, àrùn fò lọ. Èmi á máa yí bọ́tìnì tí kò nílò yíyí. Ìkórè mìíràn ti ń sún mọ́lé, àwọn ọ̀dọ́ ti ń béèrè ẹni tó máa ta gìtá. Mo jẹ Àǹtí ní gbólóhùn kan péré, lórí ẹsẹ̀ mi, lójú gbogbo ìjọ: pé kì í ṣe Ọlọ́run, ojú ló tì mí. Mi ò tíì san án.