Àǹtí Ráfátù àti Àwọn Ṣọ́jà Ojú Sánmà

Ìgbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Ìtòkú, kò sí tẹlifíṣọ̀n nílé wa. Ogun la ní. Àǹtí Ráfátù, àbúrò ìyá mi, ló ń sọ ọ́ fún wa bó bá ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ àdìrẹ. Òórùn aró á gba gbogbo àgbàlá. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pọnmi kún àmù ló ń jókòó sún mọ́ Àǹtí jù, ó sì ń jẹ àkàrà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ wo irú ogun yẹn ná. Sájẹ́ǹtì Ṣakabùlà àtàwọn ọmọ ogun ẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kan tó ń fò láàárín ìràwọ̀, àmọ́ ọkọ̀ ọ̀hún kì í ṣiṣẹ́ àfi tí wọ́n bá tì í. Mo bi Àǹtí pé orí kí ni wọ́n dúró lé tí wọ́n fi ń tì í. Ó ní orí òṣùpá ni, ṣé òṣùpá kò tó dúró lé ni? Ata gígún ni ìbọn wọn. Àwọn ọ̀tá olójú kan á sín, wọ́n á sín, wọ́n á sì bẹ̀bẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti di oníbàárà, wọ́n ń ra gààrí ní Papalanto! Ẹ̀rín á pa wá débi pé omi á dànù, Ìyá Àgbà á sì ní ká lọ káwọ́ sókè, ká kọjú sí ògiri. Níbẹ̀ náà, à ń rẹ́rìn-ín sínú.

Gbogbo ilé ló mọ̀ pé ṣọ́jà ni Bọ̀dá Múfú, ọkọ Àǹtí, àti pé wọ́n ti kó o lọ jagun ní Làìbéríà. Ó pẹ́ tí a ti gba lẹ́tà ẹ̀ gbẹ̀yìn. A ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè, ẹnikẹ́ni ò sì jẹ́ béèrè.

Ogun Àǹtí dùn, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù. Kàmọ́rù, ẹ̀gbọ́n mi, ló máa ń wá àléébù ẹ̀ kiri bí ọlọ́pàá. Ó ní àwọn ọ̀tá yìí ti gọ̀ jù, ebi kì í pa Sájẹ́ǹtì, òun sì ti mọ̀ pé wọ́n á ṣẹ́gun kí Àǹtí tó la ẹnu. Lọ́jọ́ kan ló wá yọ èyí tó tóbi jù: "Àǹtí, irú ogun wo lèyí tí ẹnì kankan ò kú?"

Ìyá Àgbà ti nawọ́ sí orógùn. Àǹtí ní, "Màámi, ẹ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ." Ó rẹ ìyẹ́ ẹ̀ sínú ẹ̀kọ. "Kàmọ́rù, o gbọ́n. Àmọ́ èmi ni mò ń sọ ọ́. Nínú tèmi, gbogbo wọn ló ń bọ̀ wálé." Kàmọ́rù ń wolẹ̀.

Bọ̀dá Múfú dé lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó fi igi méjì tẹlẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ ò sí mọ́. Inú wa dùn, ẹ̀rù sì bà wá. Látọjọ́ náà ni Àǹtí ti pa ìtàn tì, ó kàn ń ya aṣọ ẹ̀ láìsọ̀rọ̀, títí Bọ̀dá fi bi wá pé kí ló dé tí àgbàlá dákẹ́ báyìí. Kàmọ́rù, tí ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, tú gbogbo ẹ̀: ọkọ̀ títì, ata, olójú kan. Bọ̀dá gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ṣé wọn ò tíì sọ fún yín pé Sájẹ́ǹtì ti dé ni? Ó ti dé o. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kan ni ọ̀gá wọn ò tíì fún láyè láti wálé."

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹkún, ó fi ọwọ́ aró nu ojú, gbogbo wa sì bá a sunkún. Lọ́jọ́ kejì, Sájẹ́ǹtì tún gbéra, Bọ̀dá sì ń bá Àǹtí fi iyọ̀ sí ìtàn náà.

Lóde òní, nílé wa ní Ìbarà, orí fóònù làwọn ọmọ mi ti ń wo ogun ojú sánmà tiwọn. Mi ò ní parọ́, ó pójú owó ju tiwa lọ. Àwọn ọ̀tá wọn gbọ́n, iná á máa bù yẹ̀rì, ó sì ń pa èmi náà lẹ́rìn-ín. Àmọ́ àwọn ṣọ́jà á ṣubú rẹpẹtẹ, ọmọ mi á ní kí n bá òun mú bisikíìtì wá. Mo máa ń bi í pé, "Èyí tó ṣubú yẹn ńkọ́, ta ni ìyàwó ẹ̀?"

"Mọ́mì, fíìmù mà ni!"

Mo mọ̀ pé fíìmù ni. Mo kàn ń wá ẹni tó ń retí ẹ̀ nílé ni.