Òkúta Tí Mo Ní Kò Sí ní Àjàṣẹ́

Láti kékeré mi ni ìyá bàbá mi ti máa ń fi oríkì dá mi lóhùn ní àràárọ̀. Bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, nílé wa ní Tokpota, àdúgbò kan ní Àjàṣẹ́, á gbé ọwọ́ lé mi lórí, á ní: "Ọmọ a-gbẹ́-òkúta kọ́lé òrìṣà, òjò rọ̀ títí, kò rí iṣẹ́ rẹ̀ wẹ̀ dànù." Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé nígbà tí Àjàṣẹ́ ṣì jẹ́ ìlú tí ọba ń tibẹ̀ ṣàkóso, baba ńlá wa ló gbẹ́ àwọn ẹranko ara ògiri ilé òrìṣà àtijọ́ kan lẹ́yìn ààfin. Kò sẹ́ni tó mú mi débẹ̀ rí.

Nílé ẹ̀kọ́ gíga, ilẹ̀ ni mo kọ́ nípa rẹ̀: yẹ̀pẹ̀, iyanrìn, àpáta. Ilẹ̀ ìlú wa ni mo sì fi kọ ìwé àṣekágbá mi. Lọ́jọ́ tí mo gba dìpúlómù, ẹbí kóra jọ sílé wa, àbúrò bàbá mi sì bi mí pé kí ni mo rí nínú gbogbo ilẹ̀ tí mo ń gbẹ́ kiri. Mo ní ohun kan dá mi lójú: kò sí òkúta ní Àjàṣẹ́. Èyí tí a fi ń kọ́lé, ọkọ̀ ló ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ amọ̀ ni baba ńlá wa fi ṣiṣẹ́.

"Ìyá, ẹ gbọ́ o!" ni àbúrò bàbá mi ké. "Ọmọ yín ti sọ baba ńlá wa di amọ̀kòkò!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí mo bá kúnlẹ̀, "O jí ire?" nìkan ló ń sọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, mo tún rò pé ó gbàgbé. Nígbà tó pé oṣù kan, tó sì ń ki àwọn àbúrò mi bó ti ń kì wọ́n tẹ́lẹ̀, kò sí nǹkan mìíràn tí mo tún lè rò.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kó jẹ́ pé mo ṣì í sọ. Kì í ṣe pé kò lè rí bẹ́ẹ̀: wọ́n lè ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé òkúta gba orí ọ̀sà wá láyé àtijọ́. Bí mo bá rí ẹyọ kan péré, màá tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ẹbí, bóyá á tún kì mí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú mi lọ wo ibẹ̀.

Alùpùpù méjì ló gbé wa lọ. Ojú Ìyá ti ṣe bàìbàì nígbà náà. Bàbá arúgbó tó ń tọ́jú ilé òrìṣà náà mọ ohùn rẹ̀.

"Ìyá Tokpota! Mo rò pé ẹ ti lọ bá àwọn àgbà."

"Èmi àti ìwọ tí eyín rẹ ti tán, ta ló yẹ kó ṣáájú?"

Ẹkùn wà lára ògiri, àti alágẹmọ, àti ọwọ́ kan tó di ejò mú. Ẹsẹ̀ ẹkùn kan ti já bọ́. Ìyá fọwọ́ wá ojú ibi tó ti já, ó fi èékánná họ ọ́. Yẹ̀pẹ̀ pupa dà sí i lọ́wọ́.

"Òjò èṣí ni," ni bàbá náà wí. "Ọdọọdún la ń tún un mọ. Ojú ẹkùn yẹn, èmi ni mo mọ ọ́n."

Ìyá ní kí n wo ìdí ògiri, níbi tó ti wọlẹ̀. "Ṣé òkúta wà níbẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wò ó dáadáa. Amọ̀ ni, tí wọ́n fi símẹ́ǹtì lẹ̀.

"Ó wà, Ìyá. Mo rí i."

"Irọ́ ni," ó ní, jẹ́jẹ́. "Ìwọ kì í tètè dáhùn báyìí."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí etí ìró, ó ní kí n pe alùpùpù.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ki àwọn àbúrò mi náà mọ́. Àbíkẹ́yìn wa bi í pé, "Ìyá, oríkì mi ńkọ́?" Ó ní òun ti gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ló wà títí ó fi kú nígbà ọyẹ́.

Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ká ní èmi nìkan ni kò kì, mo lè sọ pé ó bínú sí mi kú. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni kò fi "ọmọ a-gbẹ́-òkúta" kì mọ́. Ó gbà mí gbọ́ ni.