Èsìsì Ẹ̀yìn Ahéré Ardis

Ẹ bá mi bi àwọn tó ń fárí fún ilẹ̀ léèrè: kí ni koríko fi ṣe yín? Ní ìlú kékeré tí Ardis Tollefson ń gbé ní Minnesota, ilẹ̀ Sátidé ò tíì mọ́ dáadáa tí ẹ̀rọ ìgékoríko á ti máa pariwo káàkiri àdúgbò. Ẹni tí koríko ẹ̀ bá ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀, wọn ò ní bú u o. Wọn kì í bú èèyàn níbẹ̀. Wọ́n á kàn máa wò ó bí ẹni tó wọ aṣọ ìdọ̀tí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Tó o bá sì rìnrìn àjò, aládùúgbò ẹ á gun ẹ̀rọ tiẹ̀ wọ ọgbà ẹ, á gé gbogbo ẹ̀ kanlẹ̀, kò ní bi ẹnikẹ́ni. Oore ni wọ́n ń pè é. Oore! Ẹni tó wọ yàrá èèyàn, tó fá irun orí ẹ̀ nígbà tó ń sùn lọ́wọ́, ṣé oore lòun náà ṣe?

Ardis kì í ṣe oníjà ní tiẹ̀. Ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ló fi ọ̀pọ̀ ọdún wà, ohùn ẹ̀ sì le débi pé títí dòní, àwọn ọkùnrin tó ti bímọ ń na ẹ̀yìn jókòó tí wọ́n bá gbọ́ ọ lẹ́yìn wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ ẹ̀ ra kámẹ́rà fún un kó lè máa ya àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀. Ọmọ-ọmọ ò sì tíì sí, ló bá ń ya òdòdó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń ro ìdí tòmátò, tí òógùn ń ṣàn lápá ẹ̀, labalábá kan wá bà lé e lọ́wọ́. Ó dúdú bíi kọfí tí wọn ò fi mílíìkì sí, ọ̀já pupa gba àárín apá ẹ̀ kọjá, funfun tó-tò-tó wà ní ṣóńṣó. Ó na ẹnu tó rí bí òwú jáde, ó ń lá òógùn ẹ̀. Ọ̀gágun Pupa ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Kámẹ́rà wà nínú ilé, Ardis ò sì lè mira. Àtọjọ́ náà ni kámẹ́rà ò ti kúrò lọ́rùn ẹ̀ mọ́.

Ó wá mọ ìwà wọn. Ọ̀gágun ò ka òdòdó sí tó èso tó ti rà. Ardis á tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rà mọ́ bíà díẹ̀, á gbé àwo ẹ̀ sórí òpó ọgbà, wọ́n á mu ún títí wọn ò fi ní mọ ibi tí wọ́n máa fò gbà. Tó bá dìrọ̀lẹ́, ọ̀kan á gba orí òpó náà bí ọlọ́dẹ, kò sí ohun tó máa kọjá tí kò ní lé: oyin, ẹyẹ, títí kan fìlà Verlyn Boekhoff.

Verlyn ni ará ilé kejì, àgbẹ̀ àgbàdo tó ti gbé oko fún ọmọ ẹ̀, tí ìyàwó ẹ̀ sì ti kú. Ẹ̀rọ ìgékoríko ẹ̀ ló kù tó ń bá ṣeré.

"Ardis! O tún ti ń fún kòkòrò lọ́tí?"

"Wọ́n mọ ọtí mu jù ẹ́ lọ. Wọn kì í kọrin."

"Èmi náà lè jókòó sórí òpó yẹn o, tó o bá máa gbé àwo wá."

"Òpó yẹn á dá, Verlyn."

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ Ardis lọ́kàn. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé ìkàwé ìlú ti fún un ní ògiri kan, pé kó kọ́ fọ́tò Ọ̀gágun sí i láti orí ẹyin títí dé orí ìyẹ́, kó tó di ọjọ́ àjọ̀dún àgbàdo tí gbogbo ìlú máa ń jáde. Ó ti ní ẹyin. Ó ti ní kòkòrò ajewé tó máa ń ti ara ẹyin jáde. Ó ti ní ìgbà tó bá so ara ẹ̀ rọ̀ lódìkejì, tó wá rí bí èèpo ẹ̀pà gbígbẹ. Ìgbà tí labalábá ń bọ́ jáde nínú èèpo yẹn gan-an ni ò rí yà rí. Tó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ da kọfí, tó fi máa padà dé, èèpo á ti ṣófo.

Orí èsìsì nìkan ni Ọ̀gágun ń yé sí. Èsìsì tó ń jóni yìí náà! Ẹ̀yìn ahéré tí Ardis ń kó irinṣẹ́ sí ló ti jẹ́ kó hù, ó sì gbin òdòdó gíga síwájú ẹ̀ kí ojú ayé má bàa rí i, torí ojú ń tì í. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́dún yẹn, èsìsì kún fún kòkòrò ajewé wọn. Wọ́n fi òwú ẹnu wọn rán ewé pọ̀ bíi télọ̀, wọ́n wọnú ẹ̀, àwọn kan ti ń múra àtirọ̀.

Àsìkò yẹn ni Kirsten, ọmọ ẹ̀, pè láti Duluth. Ọmọ inú ẹ̀ fẹ́ yọ ṣáájú ọjọ́ ẹ̀. Ardis ju báàgì sínú ọkọ̀, ó pariwo sí Verlyn lórí ọgbà pé, "Kirsten ń rọbí o!" ó sì lọ.

Nígbà tó fi máa padà, inú ẹ̀ ń dùn nítorí ọmọ-ọmọ, ọgbà ẹ̀ ń dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ó sáré lọ sẹ́yìn ahéré. Ilẹ̀ lásán.

Verlyn ń juwọ́ bọ̀ lókèèrè, apá ẹ̀ wú kúlúkúlú.

"O rí i bí ibẹ̀ ṣe mọ́? Igbó burúkú kan wà níbẹ̀, ẹ̀rọ ò dé e, dòjé ni mo fi gé e. Ó jó mi dé egungun! Akọ ni àbí abo?"

"Abo," ni Ardis wí. "O ṣeun, Verlyn."

O ṣeun! Ìlànà wọn nìyẹn. Ẹni tó bá ẹ gé koríko, o ò gbọ́dọ̀ bá a jà. Páì lo máa yan fún un. Ardis sì yan án, páì ṣẹ́rì, ó ń po ìyẹ̀fun ọ̀hún bí ẹni ń lu olè. Ó gbé e lọ gbóná-gbóná, ó jókòó sí tábìlì Verlyn, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ ẹ́.

"Ó dùn," ni Verlyn wí. "Àmọ́ kí ló dé tó o ń wo fọ́ọ̀kì mi bí ẹni fẹ́ gbà á?"

Bí ohùn inú ọkọ̀ iléèwé ṣe jáde nìyẹn. "Àwọn Ọ̀gágun mi lo gé, Verlyn! Inú èsìsì yẹn ni gbogbo wọn wà! Ta ló bẹ̀ ẹ́?"

Verlyn gbé fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"O ò sọ fún mi."

"Mo mọ̀ pé mi ò sọ!"

"Ó yẹ kó o sọ. Mi ò bá ti kọ́ ilé fún wọn." Ó dìde, ó ń wá fìlà. "Mi ò jù ú nù ṣá. Mo tẹ́ ẹ sí ìdí elégédé mi kí ilẹ̀ má bàa gbẹ. Ó ṣì wà níbẹ̀."

Àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ sídìí elégédé, wọ́n ń tú èsìsì wò ní ìtì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ ewé ti rọ, kòkòrò inú wọn ti kú. Ìbọ̀wọ́ ò jẹ́ kí Verlyn lè ṣí ewé tí wọ́n rán dáadáa, ló bá bọ́ ọ sọ nù. Àwọn àgbà ní èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò tíì mọ Verlyn.

"Yéè! Yéè! Ardis, èyí ń kọ́? Ó rọ̀ síbí bí ẹ̀pà!"

Ardis gbé e síta oòrùn. Ó fọwọ́ kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, èèpo náà sì mira pìtì.

"Ó wà láàyè."

Wọ́n rí mélòó kan sí i. Wọ́n fi òwú so wọ́n mọ́ igi, wọ́n ki igi bọ inú korobá, wọ́n gbé e sí iwájú ilé Verlyn, torí ibẹ̀ ni oòrùn àárọ̀ ń kọ́kọ́ dé, àgbẹ̀ àtijọ́ ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sùn di ojúmọ́. Ardis kọ́ ọ: tí èèpo bá ti dúdú, tí pupa bá ti ń hàn látinú, kó pe òun. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Verlyn ń mu kọfí ẹ̀ níwájú korobá. Koríko iwájú ilé ẹ̀ ga, kò rí i. Àdúgbò rí i o, wọ́n sì ń wò ó bí ẹni tó wọ aṣọ ìdọ̀tí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì!

Lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀, ariwo ẹ̀ jí àwọn tó wà lápá kejì títì.

"Ardis! Pupa ti dé o! Ardis!"

Ó fò jáde tòun taṣọ alẹ́, kámẹ́rà lọ́rùn. Èèpo ti là. Labalábá ń fẹsẹ̀ fa ara ẹ̀ jáde, apá ẹ̀ rún bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Kámẹ́rà ń dún ká-ká-ká. Bí òwú ṣe tú nìyẹn, igi yẹ̀, ni Verlyn bá fi àtàǹpàkò ẹ̀ gbé Ọ̀gágun dúró.

"Mú ọwọ́ ẹ kúrò! O wà nínú fọ́tò mi!"

"Tí mo bá mú un kúrò, ó máa já bọ́!"

"Má mú un kúrò nígbà náà! Má mira! Má mí!"

Apá náà nà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀gágun kán omi pupa kan sórí àtàǹpàkò yẹn bí epo, ó sì dúró síbẹ̀ títí apá ẹ̀ fi gbẹ.

Fọ́tò náà ló wà láàárín ògiri ilé ìkàwé lọ́jọ́ àjọ̀dún àgbàdo. Àtàǹpàkò ńlá, àpá èsìsì lára ẹ̀, ìdọ̀tí abẹ́ èékánná. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ ń bèèrè ẹni tó ni ín, Verlyn á sì gbé àtàǹpàkò ẹ̀ sókè. Ardis ní ó wu òun kí ọwọ́ náà mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, kò sì gbé òmíràn rọ́pò ẹ̀.

Nígbà tí ọdún yí po, Verlyn tún ń gun ẹ̀rọ ẹ̀ ní Sátidé, orí kunkun ò ní oògùn. Àmọ́ ó fi ẹ̀yìn ahéré tiẹ̀ sílẹ̀, èsìsì hù síbẹ̀ dé àyà. Kò gbin òdòdó kankan bò ó.