Ọmọ Tí A Kò Kà ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo wọ mọ́tò ní Iléṣà. Fọlákẹ́, àbígbẹ̀yìn ìyá wa, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ará Ìsàlẹ̀ Èkó, ló bímọ, mo sì ń lọ bá wọn sọ ọmọ lórúkọ. Náírà méjì ni awakọ̀ gbà. Ọ̀nà dára títí dé Ìbàdàn. Láti ibẹ̀, kòtò ló pọ̀ ju títì lọ. Ọ̀sán ti pọ́n kí a tó gun afárá wọ erékùṣù.

Nílé wa ní Iléṣà, àyè wà. Níbí, yàrá kan ni Fọlákẹ́, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wà, ìdílé mìíràn sì wà lẹ́yìn ògiri kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ni gbogbo àdúgbò ń tò sí. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wà àgànyìn, ẹ̀wà rírọ̀ tí wọ́n ń da ata dúdú lé, pẹ̀lú búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọmọ fún mi. Ó ń fa ọmú dáadáa.

Àsìkò tí ìjọba ń ka ènìyàn ni. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọlé, ìjọba ló rán an pé kó wá kà wá. Ìyá ọkọ Fọlákẹ́, Àlájà, ló dá a lóhùn.

"Àwa àgbà ni kí ẹ kà. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Bí ìjọba ò bá mọ iye ọmọ tó wà, báwo ni wọ́n ṣe máa mọ iye ilé ìwòsàn tó yẹ kí wọ́n kọ́?"

Àlájà gbà, ó sì pe orúkọ àwọn ọmọ ilé níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó kan èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó mirí.

"Èyí ò tíì lórúkọ. Ẹ fi í sílẹ̀ ná."

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni à bá ṣe ní Iléṣà.

Nírọ̀lẹ́, ọmọ kọ ọmú. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, àgbọ̀n rẹ̀ ti há, ara rẹ̀ le gbagidi. A sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan lápá Lafiaji. Àwọn ìyá ọlọ́mọ ti kún orí bẹ́ǹṣì. Nọ́ọ̀sì wò ó.

"Níbo lẹ bí i sí?"

"Ilé ni," Fọlákẹ́ dáhùn.

"Nígbà tí ẹ lóyún rẹ̀, ṣé ẹ gba abẹ́rẹ́?"

"Mi ò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kankan wà."

Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé pé ohun tí wọ́n fi gé ìwọ́ rẹ̀ ni kò mọ́, pé abẹ́rẹ́ yẹn ni ì bá dáàbò bò ó. Kò bá a wí. Ọmọ náà kú kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán. Wọ́n sin ín lọ́jọ́ náà.

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Àlájà ní, "Ǹ bá ti jẹ́ kí wọ́n kà á. Ó kúkú wá sáyé."

Mo dúró ti Fọlákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan kí n tó padà. Ní Iléṣà, tẹ̀ríntẹ̀rín làwọn aládùúgbò fi pàdé mi: "Kí lẹ sọ ọmọ wa?" Mo jókòó, mo sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú ọmọbìnrin mi, tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á. Mo di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú títí wọ́n fi gún un tán.