Jarvell Palẹ̀ Ẹrù Mọ́ Kí Wọ́n Tó Lé E

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni Jarvell Tolbert, nítorí náà ẹni tó bá ní mò ń ṣojúsàájú kò purọ́ mọ́ mi. Ilé ìdáná ilé-ẹ̀kọ́ Tallow Creek, ní Alabama níbí, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tó wà ní kékeré, táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá gba oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n lọ jókòó, Jarvell á tún lọ tò sẹ́yìn, á wá dúró níwájú mi bí ẹni tí a kò mọ ara wa rí. Mo mọ ohun tó ń wá, mo sì máa ń bù ú fún un. Gbogbo ẹran ara tí àwọn èèyàn wá ń pariwo rẹ̀ lónìí, ọwọ́ mi ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti jáde.

Ọmọkùnrin tó bá ti lè gbé bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé, sáré ní ìlú wa, ohun tó máa ń fẹ́ ni kí wọ́n fi orúkọ òun pariwo ní alẹ́ Ẹtì, tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ máa ń figa gbága. Jarvell kò bá wọn dù ú. Àárín gbùngbùn àwọn tó ń dènà ló ń dúró sí, níbi tí géńdé méjì ti máa ń rọ́ lu èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ yẹ̀. Bó bá ti dá àwọn méjèèjì dúró, ẹlòmíràn á rí ààyè gbé ẹni tó mú bọ́ọ̀lù ṣánlẹ̀, ẹlòmíràn náà ni wọ́n á sì pàtẹ́wọ́ fún. Inú máa ń bí mi gan-an. Òun á kàn nu ẹnu, á béèrè ohun tí mo sè.

Nǹkan kan wà nínú ìdílé wa tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé yín. A kì í jẹ́ kí wọ́n lé wa. Bàbá wa ló fi kọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Ernestine, Ernestine sì fi kọ́ Jarvell: bí o bá ti rí i pé ojú onílé yí padà, dìde, dúpẹ́, kí o mú fìlà rẹ. Báyìí ni bàbá wa ṣe kúrò ní ilé iṣẹ́ pákó. Báyìí ni èmi náà ṣe fi ṣọ́ọ̀ṣì méjì sílẹ̀, n kò sì kábàámọ̀ ìkankan.

Nígbà tí Jarvell parí yunifásítì, ọjọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá máa ń yan ọmọ tuntun pé. A din ẹja sí àgbàlá, a to àga síwájú tẹlifíṣàn, gbogbo àdúgbò wá. Wọ́n pe orúkọ títí, wọ́n pe àwọn ọmọ tí Jarvell ti tì sẹ́yìn rí, wọn kò pe tiwa. Èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sílé níkọ̀ọ̀kan, ẹja sì tutù. Lẹ́yìn náà ni ẹgbẹ́ kan láti Ohio fóònù pé kó wá gbìyànjú. N kò ní dárúkọ wọn, torí ohun tí mo ti sọ nípa wọn lọ́jọ́ náà kò ṣeé tún sọ.

Níbẹ̀, àwọn ọmọ tó ń wá ààyè pọ̀ ju ààyè lọ fíìfíì. Jarvell ń ṣe dáadáa títí di òwúrọ̀ kan. Lọ́jọ́ ìgbáradì, alájùsọ, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù sí àwọn yòókù, máa ń wọ aṣọ pupa, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Jarvell kò fọwọ́ kàn án. Àwọn géńdé méjì tó wà níwájú rẹ̀ ló tì, wọ́n sì fẹ̀yìn rìn títí wọ́n fi lọ wó lu alájùsọ náà.

Kóòṣì àgbà, Brannigan, rìn wá. "Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni, sà."

"O ò rí aṣọ pupa ni?"

"Mo rí i, sà. Àwọn tí mo tì ni wọ́n kẹ́yìn sí i."

Àwọn kan yíjú pa dà kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Brannigan kò rẹ́rìn-ín rárá. "Jáde kúrò lórí pápá mi."

Láti ọjọ́ náà, Brannigan kò wojú rẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ sì rí ọmọ fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Àbúrò, ṣé o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀?" "Má dá a lóhùn, ó ń ronú ẹni tó tún máa pa."

Nínú ìdíje àṣedánwò tó kẹ́yìn, ìgbà tí eré ti fẹ́ parí ni wọ́n tó jẹ́ kó wọlé. Àwọn alátakò ti dé bèbè ìlà ibi tí wọ́n ti ń jẹ ayò, ìṣísẹ̀ kan ló kù kí wọ́n wọlé. Wọ́n gba àárín, Jarvell gbé géńdé méjèèjì sẹ́yìn. Wọ́n tún gba àárín, ó tún gbé wọn sẹ́yìn. Wọn kò wọlé. Orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kéde lórí tẹlifíṣàn, mo sì bú ẹni tó ń kéde náà láti orí àga mi.

Ọjọ́ ìyọkúrò wá pé. Ọ̀gbẹ́ni Lathrop, bàbá tín-ín-rín kan, ló máa ń kanlẹ̀kùn kiri pé, "Kóòṣì ń pè ọ́. Mú ìwé eré rẹ dání." Ìwé tí ọgbọ́n eré ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀ ni; ẹni tó bá gbọ́ pé kó mú un wá, ilé ló ń lọ. Ó kan ilẹ̀kùn wọn ní òwúrọ̀, ó mú Brody Haugen, ọmọ Nebraska tí òun àti Jarvell jọ ń gbé yàrá. Jarvell jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń retí tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó wá. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ náà ni pé wọn kì í wá sọ fún ẹni tó bá yege. Bí wọn kò bá ti kanlẹ̀kùn rẹ, o ti wọlé nìyẹn. Ojú ń tì wọ́n láti lé mi ni, ohun tí Jarvell rò nìyẹn. Ó fóònù ìyá rẹ̀.

"Màmá, wọn ò tíì wá."

"Kóòṣì ńkọ́, ṣé ó ti ń wojú rẹ?"

"Rárá, mà."

Ernestine mí kanlẹ̀. "Dìde, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o máa bọ̀. Mo ń gbé ẹ̀wà kaná."

Bí ọmọ mi ṣe palẹ̀ ẹrù mọ́ nìyẹn, tó gbé báàgì kọ́ èjìká, tó sì lọ kan ilẹ̀kùn Ọ̀gbẹ́ni Lathrop fúnra rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mo wá dá ìwé eré yín pa dà. Ẹ ṣeun tí ẹ gbà mí lálejò."

Lathrop wò ó tìyanu-tìyanu. "Ta ló pè ọ́?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí, sà."

"Látìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ńṣe ni wọ́n máa ń sá fún mi. Ìwọ ni wọ́n ò pè, o wá ń fẹsẹ̀ ara rẹ rìn wá."

Brannigan ń kọjá lọ, ó gbọ́ ohùn wọn, ó yọjú. "Tolbert, ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Kí ni báàgì yìí wà fún?"

"Mò ń lọ sílé, sà. Mi ò fẹ́ kí ó nira fún yín láti lé mi. Látìgbà tí mo ti ṣẹ̀ yín nídìí aṣọ pupa, ẹ ò wojú mi mọ́."

Brannigan fara ti ilẹ̀kùn. "Àwọn tó ń ṣọ́ wa láti ẹgbẹ́ mìíràn kún ẹ̀gbẹ́ pápá lójoojúmọ́. Tí mo bá ń wojú rẹ, wọ́n á béèrè ohun tí mo rí, wọ́n á sì wá fa ojú rẹ mọ́ra. Àwọn méjì tí o tì lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó tì wọ́n sẹ́yìn rí. Kí lo fẹ́ kí n ṣe, kí n máa jó? Gbé ìwé rẹ, kí o wọlé."

Ó wọlé ìpàdé pẹ̀lú báàgì léjìká, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín. Alájùsọ tí wọ́n wó lù ló dìde nínú wọn, ó gba báàgì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sábẹ́ àga. "Jókòó, àbúrò. Alájùsọ àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ni kí o máa ti èèyàn lù báyìí."

Mò ń fọ ìkòkò lọ́wọ́ nígbà tí Ernestine fóònù mi ní ilé ìdáná. Ẹkún rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo rò pé ọmọ ti wà lójú ọ̀nà. Mo ní, "Ernestine, kó máa bọ̀, a ṣì ní ibi tó máa jókòó sí."

"Verlene," ó ní, "wọ́n ní kó dúró." Ó tún un sọ bí ẹni pé èmi ni n kò gbọ́. "Wọ́n ní kó dúró."