Bébà Ẹ̀pà Nínú Fáànù Àǹtí Àgbà

Bí wọ́n bá tan ẹ́sì ọkọ̀ tó ti pẹ́ tí kò ṣiṣẹ́, òórùn kan ló máa ń kọ́kọ́ jáde kí atẹ́gùn tútù tó dé: òórùn eruku gbígbóná, bí ìgbà tí èèyàn ń lọ aṣọ tí kò fọ̀. Òórùn yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ní Sátidé, nítorí ẹ̀yìn fèrèsé yàrá wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà, ní àdúgbò kan ní Ẹgbẹ́dá, lójú kejì àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù.

Rewáyà ni bàbá mi. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń tún wáyà, iná àti ẹ́sì ọkọ̀ ṣe, tí wọn kì í fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Fáànù ẹ́sì ni àwọn èèyàn mọ bàbá mi sí jù. Wọn kì í kánjú tú nǹkan. Wọ́n á kọ́kọ́ wo fíùsì. Bí fíùsì bá dára, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n á fi ìdí sukurudíráfà gbá ara fáànù náà pẹ́pẹ́. Bó bá ta kìjí tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, èyí tó ń gbé iná dé ibi tó ń yí, ló ti gbó tán. Bó bá sì jẹ́ nọ́ńbà fọ́ọ̀ nìkan ló ń fẹ́, tí wan, túù àti tírì kò dáhùn, wọ́n á rẹ́rìn-ín: "Résísítọ̀ tó ń dín eré rẹ̀ kù ni jàre. Fáànù ò mọwọ́ mẹsẹ̀." Mo ti mọ gbogbo èyí kí n tó mọ ìlọ́po méje. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ni wọ́n máa ń wí.

Nǹkan kan wà tí wọn kì í fi ṣeré. Ẹ ṣáà mọ ohun tí àwọn ará Èkó máa ń sọ nípa oníṣẹ́ ọkọ̀, pé wọ́n á yọ orígínà rẹ, wọ́n á ki àdàmọ̀dì sí i. Nítorí náà, gbogbo ohun tí Bàbá bá yọ, ì báà ṣe ìṣó kan ṣoṣo, wọ́n á kó o sínú nọ́ílọ̀nù, wọ́n á gbé e lé orí dáṣíbọ́ọ̀dù kí oní-ọkọ̀ fojú ara rẹ̀ rí i. "Orúkọ ni mò ń tà," wọ́n á ní, "wáyà kọ́." Orúkọ tí wọ́n ń tà yẹn, orúkọ tèmi ni. Rọ́fíátù ni mí, Bàbá Rọ́fíà sì ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí ní Sátidé tí Àǹtí Àgbà gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Àǹtí Àgbà ni ọ̀gá ilé-ìwé tí mò ń lọ. Kò sí ohun tó kórìíra tó kí ọmọ fa bébà ya nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò, ẹgba mẹ́fà ni, níwájú gbogbo ilé-ìwé, kí a tó wọ kíláàsì. Fáànù ọkọ̀ rẹ̀ kò fẹ́ rárá. Bàbá gbá a, ó ta kìjí. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lábẹ́ píjìnhóòlù, àpótí kékeré tó wà níwájú èrò, wọ́n gbé e lọ sórí tábìlì láti fọ̀ ọ́ kí wọ́n sì pààrọ̀ kábọ́ọ̀nù rẹ̀. Àǹtí Àgbà ní òun fẹ́ ra nǹkan lọ́jà kí òun tó padà.

Èmi jókòó sórí àga iwájú nínú ọkọ̀ náà, mò ń jẹ ẹ̀pà sísun. Bébà tí mo fi di ẹ̀pà náà, inú ìwé ìṣirò mi ni mo ti fà á ya. Àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn Àǹtí Àgbà lẹ́yìn mi: "Bàbá Rọ́fíà, ẹ ò tíì parí ni?" Ihò tí wọ́n ti yọ fáànù lanu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ki bébà náà sókè ihò, tòun ti èèpo ẹ̀pà, mo nu ọwọ́ mi sí yẹ̀rì, mo bọ́ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i.

Bàbá dá fáànù padà, wọ́n tan án, ó fẹ́ dáadáa. Wọ́n gbé kábọ́ọ̀nù àtijọ́ lé orí dáṣíbọ́ọ̀dù nínú nọ́ílọ̀nù rẹ̀. Àǹtí Àgbà dúpẹ́, ó lọ. Kò tó wákàtí kan tó fi padà dé. Fáànù ti fẹ́ èèpo ẹ̀pà dà sórí bùbá funfun tó wọ̀, lẹ́yìn náà ló dún kara-kara, tó sì dákẹ́.

"Ẹ ti yọ orígínà mi!" Ó pariwo débi pé àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀. "Èyí kì í ṣe fáànù mi! Àlòkù onídọ̀tí lẹ gbé sí mi lọ́kọ̀! Olè!"

Bàbá mi fẹ̀yìn lélẹ̀ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n tún fáànù náà tú. Mo dúró ti ògiri. Mo rí bébà náà nígbà tí ọwọ́ wọn jáde. Ó ti ya, ṣùgbọ́n bairo pupa tí tíṣà fi máàkì rẹ̀ ṣì hàn. Wọ́n wò ó. Wọn kò wo ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ká a, wọ́n fi sápò ṣòkòtò.

"Ẹ má bínú, Mà," ni wọ́n wí. "Ìdọ̀tí ló wọ inú rẹ̀. Ẹ̀bi mi ni. Fáànù yín náà nìyí."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dá tèmi padà síbẹ̀ ni! Àbí mo jọ òmùgọ̀ lójú yín?"

Ká ní wọ́n fi bébà yẹn hàn án, ọ̀rọ̀ ì bá tán níbẹ̀. Ìwé ilé-ìwé rẹ̀ ni, orúkọ mi wà lókè rẹ̀ gàdàgbà. Ká ní èmi náà lanu, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Mo dúró bí òpó, mò ń wo bàbá mi bí wọ́n ṣe ń bẹ obìnrin tí wọ́n jù lọ́jọ́ orí. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì, síbẹ̀ ẹnu mi kò là.

Láti ọjọ́ yẹn, àwọn tíṣà tó ń gbé ọkọ̀ wá fún Bàbá kò wá mọ́. Lọ́jọ́ kan, nígbà ìsinmi ní ilé-ìwé, ọmọ kíláàsì mi kan bi mí pé, "Ṣé bàbá ẹ ni Bàbá Rọ́fíà tó máa ń pààrọ̀ fáànù onífáànù?" Mo ní, "Rọ́fíà míì ni jàre." Èyí ló dùn mí jù. Ti àkọ́kọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é.

Bàbá kò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í mú nọ́ílọ̀nù wálé fún mi, pé kí n máa fi di ẹ̀pà. Mo ń gbà á, mò ń ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé.

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, fáànù ọkọ̀ tèmi kọ̀, kò fẹ́ àfi ní nọ́ńbà fọ́ọ̀. Mo wà á lọ sí Ìgàndó, níbi tí Bàbá ń gbé báyìí. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ara mi tú u. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń sọ fún mi ìṣó tí mo máa yọ. Nígbà tí mo fa résísítọ̀ jáde, ihò kan tún lanu sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀. N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Bébà inú fáànù Àǹtí Àgbà, èmi ni mo fi síbẹ̀."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mẹ́ta lo gbà nínú mẹ́wàá."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́ rí.

"Ẹnu ẹ ni mo ń retí. Mo mọ̀ pé wàá sọ ọ́. Ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni."

Ó kàn pẹ́ díẹ̀! Ọgbọ̀n ọdún ó lé. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ yóò lé e bá. Òótọ́ tèmi kò sáré lé mi rárá, inú àpò bàbá mi ló wà láti ọjọ́ náà. Àǹtí Àgbà ti kú. Àwọn tó gbọ́ "Olè!" lọ́jọ́ yẹn ti fọ́n ká, n kò mọ ẹni tí mo fẹ́ bá tún orúkọ náà ṣe mọ́.

Mo máa ń rò nípa ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó dúró ti ògiri yẹn, mo sì ti ń dárí jì í díẹ̀díẹ̀. Ẹgba mẹ́fà ló ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti dàgbà, tí mò ń wa ọkọ̀ ara mi, tí mò ń lọ kí bàbá mi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ta ló fẹ́ nà mí?